Krómósóòmù Y ní Ara Ènìyàn àti Ìnàkí: Ìdíbàjẹ́ ni Tàbí Àṣẹ́kù?

Kò sí krómósóòmù tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdára tó krómósóòmù Y. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a kọ nípa ìbí àti ìran, wọ́n ní ó ti rà, wọ́n ní ó ti ṣófo, wọ́n ní díẹ̀ ni ó kù kí ó parẹ́ pátápátá. Ní ọdún 2002, Aitken àti Marshall Graves ṣe ìṣirò kan nínú ìwé ìròyìn Nature, wọ́n sì sọ pé bí ó bá ń bàjẹ́ lọ bí ó ti ń ṣe bọ̀, yóò pa ara rẹ̀ run ní nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ọdún sí i. Àwọn oníròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fi kún un, títí ó fi di pé ìran ọkùnrin fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí yóò bá ìṣòro kan pàdé ní ojú ọ̀nà. Bí ó bá pe ipò tí krómósóòmù náà wà ní ìdíbàjẹ́, ó ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀. Bí ó bá pè é ní àṣẹ́kù, ẹjọ́ mìíràn ni ó dá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba, ẹ̀rí tí àwọn onímọ̀ sì ti kó jọ láti ọdún 2003 wá, pàápàá nígbà tí wọ́n fi ti ènìyàn wé ti ìnàkí, ti tó láti fi yan ọ̀kan.

Orúkọ àti ìtàn rẹ̀

Ó yẹ kí àwọn orúkọ mélòó kan kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn ni okùn tín-ín-rín kan wà tí a ń pè ní DNA. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́, A, C, G àti T, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí wọ́n fara hàn pọ̀ lọ jàra. A ká okùn náà ní ìdì ìdì. Ìdì kọ̀ọ̀kan ni krómósóòmù. Ibi kọ̀ọ̀kan lára okùn náà tí ó mú ìlànà iṣẹ́ kan dání, irú bí ìlànà fún pípèsè púrótéènì kan, ni jíìnì. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi àbùdá rọ́pò jíìnì, kí ó rántí pé àbùdá ni ohun tí ojú rí lára ẹ̀dá, bí àwọ̀ tàbí gíga. Jíìnì ni ó wà nídìí rẹ̀ tí ojú kò rí. Bí orúkọ kan ṣoṣo bá jẹ́ ti òbí àti ti ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò jìyà rẹ̀.

Krómósóòmù 46 ni ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, oríṣi 23 ní méjì méjì. Oríṣi 22 bára mu lára ọkùnrin àti obìnrin. Krómósóòmù ara ni orúkọ tí ó yẹ wọ́n. Oríṣi kẹtàlélógún ni ó yàtọ̀. Obìnrin ní X méjì, ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Àwọn onígírámà ti ní ìṣakọṣabo fún ọ̀rọ̀ akọ àti abo nínú èdè, kò sì sí ìdí tí a kò fi lè yá a lọ́wọ́ wọn: krómósóòmù ìṣakọṣabo ni X àti Y.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ nípa lẹ́tà méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé ìrísí krómósóòmù ni ó fún un ní orúkọ, pé ọ̀kan ní ẹ̀ka mẹ́rin bí X, èkejì sì ní ẹ̀ka mẹ́ta bí Y. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hermann Henking, ọmọ Jámánì, ni ó rí ohun kan nínú àtọ̀ kòkòrò ní ọdún 1891 tí kò mọ ohun tí ó jẹ́, ni ó bá fi X sí i lára, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń fi X dúró fún ohun tí wọn kò tíì mọ̀. Nígbà tí ìkejì rẹ̀ yọjú, Y ni lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, olùtumọ̀ tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò ṣe àpèjúwe ẹ̀ka igi fún krómósóòmù Y ń túmọ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Nettie Stevens, obìnrin onímọ̀ ní Bryn Mawr College ní Amẹ́ríkà, ni ó la ọ̀nà ní ọdún 1905. Ó wo sẹ́ẹ̀lì kòkòrò tí ìdin rẹ̀ ń gbé inú ìyẹ̀fun. Lára abo, ó ka krómósóòmù ńlá 20. Lára akọ, ó ka ńlá 19 àti kékeré 1. Ó rí i pé kékeré yẹn ni ó ń bá ìṣakọ rìn. Edmund Wilson náà dé ìdí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún kan náà. Theophilus Painter rí Y lára ènìyàn ní ọdún 1923, ṣùgbọ́n ó ka gbogbo krómósóòmù sí 48, gbogbo ayé sì ń kà á sí 48 tẹ̀lé e títí Tjio àti Levan fi ṣe ìkà mìíràn ní Lund, ní ilẹ̀ Swídìn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1956, tí ó sì di 46. Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé 48 jẹ́ iye tòótọ́, ṣùgbọ́n ti ṣimpansí, gòrílà àti oráńgútàn ni, kì í ṣe ti ènìyàn. Krómósóòmù méjì tí ó dá dúró lára ìnàkí ni ó so pọ̀ di ọ̀kan lára ènìyàn.

Ní 1959 ni ó hàn gbangba pé Y gan-an ni ó ń sọ ọlẹ̀ di akọ. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó ní X méjì àti Y kan jẹ́ ọkùnrin, ẹni tí ó ní X kan ṣoṣo láìsí Y sì jẹ́ obìnrin. Ní 1990, Sinclair àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tọ́ka sí jíìnì tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n pè é ní SRY. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n fi irú jíìnì yìí sínú ọlẹ̀ eku tí ó ní X méjì, eku náà sì di akọ. Ó ní kórópọ̀n, ó ń gun abo, ṣùgbọ́n kò lè bímọ. Apá ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì: SRY lè ṣí ilẹ̀kùn ìṣakọ, ṣùgbọ́n àwọn jíìnì mìíràn lórí Y ni ó ń pèsè àtọ̀.

Gbogbo ẹyin obìnrin ni ó gbé X. Nínú àtọ̀ ọkùnrin ni àwọn kan ti gbé X tí àwọn kan gbé Y. Iye ìyàwó tí wọ́n ti kó ẹrù wọn síta nítorí pé obìnrin nìkan ni wọ́n ń bí kò ṣeé kà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ yìí ti wà nínú ìwé láti ìgbà Stevens. Bóyá bí ó bá wà ní èdè tí ìyá ọkọ ń sọ, ìbá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí Y ṣe yapa

Susumu Ohno, ọmọ Japáànù tí ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ yanjú nínú ìwé kan ní 1967 pé X àti Y jẹ́ krómósóòmù ara tẹ́lẹ̀ rí, pé ìkejì ara wọn ni wọ́n, wọ́n sì dọ́gba. Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yé ni, ó yẹ kí ìpààrọ̀ yé ni. Nígbà tí ara bá ń pèsè àtọ̀ tàbí ẹyin, krómósóòmù kọ̀ọ̀kan a máa sún mọ́ ìkejì rẹ̀, wọn a sì pààrọ̀ apá kan lára okùn wọn. Àǹfààní ìpààrọ̀ ni pé bí jíìnì kan bá bàjẹ́ lórí ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí èyí tí ó sàn láti ara ìkejì gba ipò rẹ̀ nínú ọmọ. Ibi tí ìpààrọ̀ bá dá, àbùkù tí ó bá wọlé kò rí ọ̀nà jáde mọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Y nìyẹn. Lẹ́yìn tí SRY ti jáde láti ara jíìnì kan tí ó ṣì wà lórí X títí di òní, apá kan okùn náà doríkodò, kò lè bá X jókòó ní ojúkojú mọ́, ìpààrọ̀ sì dá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni apá mìíràn tún tẹ̀ lé e. Ní 1999, Lahn àti Page fi jíìnì 19 tí ó ní ìkejì lórí X wé ara wọn, wọ́n sì rí i pé ìyàtọ̀ wọn kò dọ́gba: ó ga ní ibì kan, ó kéré ní ibòmíràn, gẹ́gẹ́ bí jíìnì kọ̀ọ̀kan ti tò lórí X. Wọ́n pín wọn sí ìpele mẹ́rin, bí ìgbà tí awalẹ̀pìtàn bá ń ka ìpele ilẹ̀, tí ó sì mọ̀ pé èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó dàgbà jù. Ìṣirò tí ó jáde ní 2014 fi ìbẹ̀rẹ̀ ìyapa náà sí nǹkan bí mílíọ̀nù 180 ọdún sẹ́yìn. Nínú gbogbo jíìnì tí ó wà lórí krómósóòmù ìpilẹ̀ náà, nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ó ṣì wà lórí Y ènìyàn.

Ẹni tí ó bá dúró níbí yóò gbà pé ìdíbàjẹ́ ni. Àwọn tí ó ṣe ìṣirò ọdún 2002 dúró níbí.

Ẹkùn mẹ́ta

Ní orí méjèèjì krómósóòmù Y, ìpààrọ̀ pẹ̀lú X kò tíì dá. Ti orí kan gùn tó mílíọ̀nù 2.7 lẹ́tà, ti èkejì kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 330 lọ. Ẹkùn ìpàdé ni ó yẹ wọ́n, nítorí ibẹ̀ ni X àti Y ti ń rí ara wọn. Gbogbo ohun tí ó wà láàárín jẹ́ àdáni akọ, tí bàbá ń fi lé ọmọkùnrin lọ́wọ́ láìbá ẹnikẹ́ni pín in. Ní 2003, Helen Skaletsky, David Page àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Whitehead Institute, pẹ̀lú àwọn ti Washington University, tẹ ìwé jáde nípa ẹkùn àdáni yìí. Wọ́n ti ka nǹkan bí mílíọ̀nù 23 lẹ́tà níbẹ̀, wọ́n sì rí i pé oríṣi mẹ́ta ni.

Ti àkọ́kọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Apá kan tí ó tó mílíọ̀nù 3.4 lẹ́tà ṣí wá láti ara X ní nǹkan bí mílíọ̀nù 3 sí 4 ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn tí ènìyàn àti ṣimpansí ti pínyà. Ó sì jọ èyí tí ó kù lórí X títí dé ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Jíìnì méjì péré ni ó wà níbẹ̀. Ẹkùn àṣíwá ni.

Ti èkejì ni ọ̀rọ̀ àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Àwọn jíìnì 16 tí ó tú ká lórí mílíọ̀nù 8.6 lẹ́tà ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìkejì lórí X. Àwọn ni ó wà níbẹ̀ láti ìgbà krómósóòmù ìpilẹ̀. SRY wà lára wọn. Orúkọ tí wọ́n fi sí ẹkùn náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìtumọ̀ ohun tí ó ti ara X bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni olùtumọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ohun tí ó bàjẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, jíìnì tí ó ti kú tí òkú rẹ̀ ṣì hàn lórí okùn. Ṣùgbọ́n jíìnì 16 yẹn kò bàjẹ́. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ káàkiri gbogbo ara, kì í ṣe ní kórópọ̀n nìkan. Nígbà tí iná bá jó ilé ọba tí òpó 16 dúró, ẹni tí ó bá pe òpó wọ̀nyẹn ní eérú kò ríran. Ẹkùn àṣẹ́kù ni ó bá a mu.

Ti ẹ̀kẹta ni ó yani lẹ́nu jù. Ó tó mílíọ̀nù 10.2 lẹ́tà, nǹkan bí jíìnì 60 ni ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdílé mẹ́sàn-án péré ni wọ́n. Jíìnì kan náà ni a dà kọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹrin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báyìí tipẹ́tipẹ́: àpètúnpè. Bí èdè ti ń pe kíá lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó rí kíákíá, tí ó sì ń pe apá kan lára dára láti rí dídára, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dà jíìnì kan pé lódindi nínú ẹkùn yìí tí òmíràn sì jẹ́ ẹlẹ́bẹ tí kò lè dá ṣiṣẹ́. Ẹkùn àpètúnpè kò nílò àlàyé lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ṣe gírámà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn ìdílé wọ̀nyí ń ṣe, ìyẹn pípèsè àtọ̀. Gbogbo wọn kọ́ ni ó sì jẹ́ ogún láti ara krómósóòmù ìpilẹ̀. Ìdílé DAZ ti ara krómósóòmù 3 wá, CDY ti ara krómósóòmù 6 wá. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n pè ní ahoro ń gba àlejò, ó sì ń fún wọn ní iṣẹ́.

Àkàlọkàbọ̀

Ìdí tí ẹkùn àpètúnpè kò fi tíì wó ni ọ̀nà tí a gbà tò ó. Mẹ́jọ wà lára ènìyàn nínú irú ìtò kan tí okùn náà máa ń lọ, tí ó sì máa ń padà bọ̀ lórí ìlà kan náà. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ẹ́ ni àkàlọkàbọ̀. Èdè Yorùbá ní àpẹẹrẹ kékeré: ẹni tí ó bá ka lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ láti iwájú tàbí láti ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà ni yóò kà, títí kan àmì ohùn rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé fọ́nrán méjì ni ó wé mọ́ ara wọn di okùn DNA, orí fọ́nrán kejì sì ni a ti ń ka àbọ̀ rẹ̀. Àkàlọkàbọ̀ tí ó tóbi jù gùn tó mílíọ̀nù 2.9 lẹ́tà, apá àlọ àti apá àbọ̀ rẹ̀ sì bára mu dé ìdá 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìbáramu tó bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ lásán. Y kò ní ìkejì tí yóò bá pààrọ̀, ó wá di ìkejì ara rẹ̀. Okùn náà a tẹ̀ kọ́, apá kan a dojú kọ èkejì, bí lẹ́tà kan bá sì yà lára ọ̀kan, ara a wo èkejì láti fi tún un kọ. Ó dà bí akọ̀wé tí ó ní ẹ̀dà ìwé méjì: bí eku bá jẹ ti ọ̀tún, a wo ti òsì. Ìdàkọtúnṣe ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ yìí lọ. Steve Rozen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ní 2003 pé nǹkan bí lẹ́tà 600 ni a ń tipa bẹ́ẹ̀ kọ sórí òmíràn lára ọmọkùnrin tuntun kọ̀ọ̀kan.

Ètò náà ní owó tirẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀dà méjì tí ó jọra tí ó sì jìnnà síra a máa so pọ̀ ní àṣìṣe, gbogbo ohun tí ó wà láàárín wọn a sì já dànù. Ibi tí èyí wọ́pọ̀ sí jù ni ẹkùn tí a ń pè ní AZFc, níbi tí nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 lẹ́tà ti máa ń já, tí gbogbo ìdílé DAZ sì máa ń bá a lọ. Nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 4,000 ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ara wọn le, ìrísí wọn kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n àtọ̀ wọn a máa ṣọ̀wọ́n tàbí kí ó má sí rárá. Lára irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ni ìdí wà tí obìnrin kan lè ti máa kiri ilé oníṣègùn fún ọdún mẹ́wàá.

Ohun tí ìnàkí fi hàn

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìnàkí ni orúkọ gbogbo ẹbí tí kò ní ìrù, ọ̀bọ sì ni ti àwọn tí ó ní ìrù. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ a máa da méjèèjì pọ̀, èyí kò sì burú ní ọjà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí kò lè yé ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí Y bá ń jẹrà lọ bí àwọn kan ti wí, ó yẹ kí jíìnì inú ẹkùn àṣẹ́kù ènìyàn ti dín kù láti ìgbà tí ó ti pínyà pẹ̀lú ṣimpansí ní nǹkan bí mílíọ̀nù 6 ọdún sẹ́yìn. Ní 2005, Jennifer Hughes àti ẹgbẹ́ Page yẹ èyí wò. Kò dín. Kò sí ọ̀kan tí ó sọnù lára ènìyàn. Ṣimpansí ni ó pàdánù mélòó kan. Nígbà tí wọ́n ka ẹkùn àdáni ṣimpansí tán ní 2010, ìyàtọ̀ náà kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni retí: ó ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lára Y ṣimpansí tí kò ní ohun tí a lè tò kọjú rẹ̀ lára Y ènìyàn, bẹ́ẹ̀ sì ni DNA àwọn méjèèjì jọra gidigidi ní ibòmíràn. Àkàlọkàbọ̀ 19 ni ṣimpansí ní sí 8 ti ènìyàn, ṣùgbọ́n oríṣi jíìnì rẹ̀ kéré sí ti ènìyàn.

Àlàyé tí àwọn onímọ̀ fara mọ́ jù wá láti ìgbéyàwó ẹranko náà. Abo ṣimpansí kan a máa gba akọ púpọ̀ láàárín ìgbà díẹ̀, àtọ̀ wọn a sì máa bára wọn figagbága nínú ara rẹ̀. Kórópọ̀n ṣimpansí tóbi ju ti gòrílà lọ fíìfíì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gòrílà ni ó tóbi jù ní ara. Y tí ó bá mú àtọ̀ pọ̀ sí i yóò gbilẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé odindi ni a ń jogún rẹ̀, jíìnì aláìsàn tí ó bá wà lórí Y kan náà yóò bá a gbilẹ̀. Gòrílà kì í bá akọ mìíràn du abo lọ́nà bẹ́ẹ̀, nítorí akọ kan ni ó sábà máa ń ṣe olórí àwọn abo. Oríṣi jíìnì lórí Y rẹ̀ sì súnmọ́ ti ènìyàn ju bí ti ṣimpansí ti súnmọ́ ọn lọ. Èyí ta ko ìtò ẹbí, nítorí ṣimpansí ni ó bá ènìyàn tan jù.

Ìwádìí tí ó dá ẹjọ́ náà ni ti ọ̀bọ rhesus ilẹ̀ Éṣíà, tí ó jáde ní 2012. Mílíọ̀nù 25 ọdún ni ó ya ọ̀bọ yìí àti ènìyàn. Láàárín gbogbo àkókò yẹn, jíìnì ìpilẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sọnù lára Y ènìyàn, kò sì sí ọ̀kan tí ó sọnù lára ti ọ̀bọ náà. Ìpele kọ̀ọ̀kan pàdánù jíìnì kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀ ìyapa rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró. Àwọn tí ó pín àdánù náà ní dọ́gbadọ́gba lórí ọdún dà bí ẹni tí ó wọn ọmọ ìkókó ní ọdún kìíní rẹ̀, tí ó sì ṣírò pé yóò ga ju ìrókò lọ kí ó tó pé ogójì ọdún.

Kí ló dé tí ó fi dúró? Ní 2014, Daniel Bellott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo Y ẹranko afọ́mọlọ́mú mẹ́jọ, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe orí-ire ni ó yan àwọn jíìnì tí ó ṣẹ́kù. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ olùdarí, tí ń pàṣẹ fún jíìnì mìíràn ní ọkàn, ní ọpọlọ, káàkiri ara, iṣẹ́ wọn sì gba ẹ̀dà méjì: ọ̀kan lórí X, ọ̀kan lórí Y. Lára obìnrin, X kejì ni ó ń pèsè ẹ̀dà kejì. Ọlẹ̀ tí ó bá ní X kan ṣoṣo láìní ìkejì sábà máa ń ṣẹ́ kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó pé. Ní ọdún 2014 yẹn kan náà, ìwádìí lórí àwọn àgbà ọkùnrin ní Swídìn fi hàn pé àwọn tí Y ti sọnù nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn ń kú ṣáájú ẹgbẹ́ wọn. Ohun tí ó ti di pàǹtí kì í ṣe báyìí.

Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ní ẹ̀rí kan tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Eku ẹlẹ́gùn-ún kan wà ní erékùṣù Amami ní Japáànù tí kò ní Y, tí kò ní SRY, tí ó sì ń bí akọ àti abo. Ní 2022, ẹgbẹ́ Asato Kuroiwa rí i pé àpètúnpè kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì SOX9, lórí krómósóòmù ara, ni ó gba iṣẹ́ SRY ṣe. Nítorí náà, Y lè parẹ́ láàárín ẹ̀yà ẹranko kan láìjẹ́ pé akọ parẹ́. Ohun tí ẹ̀rí kò fara mọ́ ni pé dandan ni.

Ohun tí a kò tíì kà tẹ́lẹ̀

Olùkọ́ tí ó ń lo ìwé tí a tẹ̀ ṣáájú 2023 gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó lé ní ìdajì krómósóòmù Y tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà nígbà náà. Àwọn ibi tí lẹ́tà kan náà ti ń tún ara rẹ̀ pè láìdúró ni, ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì lè mọ ibi tí ó bá dé níbẹ̀. Ní oṣù Ògúnọdún 2023, Arang Rhie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ Y kan jáde láti orí dé ìdí: lẹ́tà 62,460,029. Ó fi ohun tí ó ju mílíọ̀nù 30 lẹ́tà kún ti tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú jíìnì 41 tí ó ń pèsè púrótéènì, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti ìdílé TSPY, gbogbo irú rẹ̀ sì di 106. Iye yìí ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ báyìí, kì í ṣe iye ọdún 2003.

Ní 2024, Kateryna Makova àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ fún ìnàkí mẹ́fà: ṣimpansí, bonóbò, gòrílà, oráńgútàn Borneo, oráńgútàn Sumatra àti síámáǹgì. X wọn jọra ní gígùn. Y wọn kò jọra rárá: ti síámáǹgì jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 30 lẹ́tà, ti oráńgútàn Sumatra jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 68. Ẹkùn àpètúnpè àti àkàlọkàbọ̀ ni ó ń yí padà láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà, kò sì sí ẹni tí ó lè fi Y ọ̀kan mọ ìrísí ti èkejì.

Ènìyàn pàápàá kò ní Y kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn ti wà nínú irú iṣẹ́ báyìí láti ìgbà ètò HapMap, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, níbi tí ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, ti yọ̀ǹda tiwọn. Ó tọ́, nígbà náà, kí ohun tí a rí kà ní èdè wọn. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ Rhie jáde ni ti Pille Hallast àti ẹgbẹ́ rẹ̀ náà jáde, lórí Y ọkùnrin 43 láti oríṣiríṣi orílẹ̀. Wọ́n rí i pé ìdajì ẹkùn àdáni tí jíìnì wà ni ó ti doríkodò rí lára ẹnì kan tàbí òmíràn. Y tí ó kúrú jù nínú wọn jẹ́ mílíọ̀nù 45.2 lẹ́tà, èyí tí ó gùn jù jẹ́ mílíọ̀nù 84.9. Ìsàlẹ̀ apá gígùn, níbi tí àwòrán inú ìwé ẹ̀kọ́ ti máa ń kun dúdú láìkọ nǹkan kan sí i, ni púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ yẹn wà. Ẹkùn yìí kò tíì ní orúkọ ní èdè Yorùbá. Ṣófo kò yẹ ẹ́, nítorí pé ó kún. Àdákẹ́ lè yẹ ẹ́, níwọ̀n bí kò ti sí jíìnì kan tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀.